Ìlérí Mena Ciarrocchi

Bí ènìyàn bá rí òrùlé ilé ìtura Sátẹ́láìtì fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò rò pé ó fẹ́ fò lọ ni. Salvatore Ciarrocchi, ọkọ Mena, ló kọ́ ilé ìtura náà lọ́dún 1959, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ òfuurufú, tí káfíńtà èyíkéyìí tó mọ òòlù mú ní ìlú etíkun Wildwood wa ń pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé. Ó da òrùlé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi gíláàsì ṣe ògiri iwájú, ó gbé ìràwọ̀ oníná pupa sórí òpó kí àwọn tó ń wakọ̀ bọ̀ létíkun lè rí i láti òkèèrè, ó sì ri ọ̀pẹ oníke sétí odò ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pẹ oníke! Àwa ará ìlú kì í fi í ṣẹ̀sín, nítorí gbogbo wa la ní tiwa.

Salvatore kú, òrùlé tó fẹ́ fò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Iyọ̀ òkun jẹ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúnkún Mena kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní fi ayé òun ṣa tówẹ̀lì àwọn ẹlòmíràn kiri. Nínú oṣù Keje ọdún 2003, Mena bu ọwọ́ lùwé: ó ta Sátẹ́láìtì fún àwọn tó máa wó o kọ́ ilé olówó. N ò dá a lẹ́bi ìyẹn. Ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bá a wí sí.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí ìdílé kan bá ń lọ sílé, bàbá tàbí ìyá á gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, á ní, "Yàrá wa, ọ̀sẹ̀ wa." Mena á ní, "Tiyín ni." Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í sanwó sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó ti parí nìyẹn. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá náà lọ́sẹ̀ yẹn lọ́dún tó ń bọ̀.

Mena pinnu pé òun á sọ òtítọ́ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti ń lọ. Àwọn Kearney ló kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì, oòrùn ti pa ojú àwọn ọmọ wọn pupa, iyanrìn ń já bọ́ lára wọn. "Yàrá wa, ọ̀sẹ̀ wa, Mama Mena!" Ó la ẹnu, ohun tó bọ́ síta ni, "Tiyín ni." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bó ṣe dá àwọn kejì lóhùn náà nìyẹn, àti àwọn kẹta. Títí oṣù Kẹjọ fi parí ló ń pín yàrá tí kò ní sí mọ́ bí ẹní ń pín guguru. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó wá ń bẹ̀rù ọjọ́ Sátidé, tí àwọn àlejò máa ń lọ sílé, ju ìjì òkun lọ.

Helen Dombrowski, ará Philadelphia, ló lọ kẹ́yìn. Òun àti Mena ti jọ lóyún rí, wọ́n sì ti jọ sunkún ọkọ. Helen gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Mena dúró de gbólóhùn yẹn, kò gbọ́ ọ.

"Helen, o ò tíì sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni? Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé lánàá. Àbí bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ gbá níbẹ̀?"

Mena jókòó. "Mo ti tà á."

"Tà á jàre, ilé ẹ ni. Orúnkún ẹ ti sọ fún mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí tí ò ń sọ 'Tiyín ni' fún tọkọtaya yàrá kejì. Kí lo fẹ́ kí wọ́n wá bá níbí lọ́dún tó ń bọ̀? Iyanrìn?"

"Mi ò lè wo ojú wọn."

"Tẹlifóònù ò lójú. Gbé e."

"Helen, jọ̀ọ́..."

"Má jọ̀ọ́ mi níbí! Bí Sal ọkọ ẹ bá wà láyé, ṣé á jẹ́ kí ọmọ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e sùn sínú mọ́tò?"

Mena sunkún, ó nu imú. Ó tẹ nọ́ńbà àwọn Kearney. Bàbá wọn ló gbé e, ariwo àwọn ọmọ sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mama Mena! Kí la gbàgbé sọ́dọ̀ yín?"

Helen fa àga, ó jókòó tì í.

"Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan," ni Mena wí. "Irọ́ ni mo pa fún yín."