Ẹkùn Tó Ń Wẹ̀yìn

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ ó ní irọ́ tẹ́lọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fi eyín tú ogójì báàjì ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Ní Ìjẹmọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Sájẹ́ǹtì kan gbé báàjì àtijọ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn wá, ó ní kí n rán ogójì irú rẹ̀. Ẹkùn tí wọ́n fi òwú rán ló wà lára rẹ̀: ẹsẹ̀ ń lọ síwájú, ojú ń wo ẹ̀yìn. Mo rán an bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tó wá kó wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tẹ́lọ̀, ẹkùn wa ń wẹ̀yìn! Ṣé ojo ni wá ni?"

"Ọ̀gá, bí ẹ ṣe gbé e wá náà ni."

"O tún ń dá mi lóhùn! Kúnlẹ̀. Eyín ni wàá fi tú orí gbogbo wọn."

Mo kúnlẹ̀ sínú oòrùn níṣojú àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí mo tú ogún, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lẹ́nu mi.

Sájẹ́ǹtì pariwo pé, "Má fẹ̀jẹ̀ ba aṣọ ìjọba jẹ́ o!"

Mo tú gbogbo rẹ̀ tán, mo rán orí wọn síwájú, ó kó wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún kó wọn dé.

"Ọ̀gá àgbà wa ní àwọn tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ kì í fi ẹni tó gbọgbẹ́ sílẹ̀ lójú ogun. Ìdí tí ẹkùn fi ń wẹ̀yìn nìyẹn. Dá orí àwọn ẹkùn yìí padà sẹ́yìn."

Mo nawọ́ mú sísọ́ọ̀sì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ní kó o lo irin?"