Wọ́n Pe Ìdọ̀bálẹ̀ Ní Ìṣubú

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá kan ní pápá bésíbọ́ọ̀lù ní Ṣikágò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣubú, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ìrìn àjò ọjọ́ náà ṣe lọ, kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè bá mi wo ọ̀rọ̀ náà, torí pé àwọn tó yẹ kó dá mi lóhùn níbí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án ni. Mo kírun àsùbáà tán ní Plainfield níbi tí mò ń gbé, mo kó mọ́ínmọ́ín mẹ́rin tí ìyàwó mi sè sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, nítorí wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé àpò tí wọn ò lè rí inú rẹ̀ wọ pápá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi bọ́ sójú ọ̀nà I-80. Ọ̀nà náà gbòòrò, kò ní kòtò kan, ṣùgbọ́n àwọn tírélà ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi ni. Kéèyàn wakọ̀ láàárín méjì nínú wọn dà bíi kéèyàn wà láàárín ilé méjì tó ń sáré. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo fi dé Tinley Park, níbi tí Ẹ̀gbọ́n Mùráínà ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n Mùráínà kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọmọ Ìwó ni, bíi tèmi. Òun ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, yàrá ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni mo sì gbé fún ọdún méjì tí mo fi ń ṣe ìdánwò àwọn apòògùn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní pápá ni pé ó máa ń fi ìjókòó han àwọn òǹwòran, á sì bá wọn nu omi kúrò lórí àga bí òjò bá rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi wà ní ìlà ìjókòó kan náà. Ní Tinley Park, ọwọ́ lásán ni àwọn aládùúgbò ń jù sí i látinú mọ́tò, wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ìlà ìjókòó yẹn, Mísítà Múrì ni gbogbo wọn ń pè é, wọ́n sì máa ń béèrè ara àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bésíbọ́ọ̀lù: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn á fi ọ̀pá gbá a, á sì sáré yípo. Eré kan lè gba wákàtí mẹ́ta, tó jẹ́ pé ìdúró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe eré náà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ ìlú lè jẹ́ ti ènìyàn díẹ̀, bí mọ́tò ṣe jẹ́ ti ẹni tó rà á. Nílé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú lè máa jìyà, kí pápá wọn kún fún koríko, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó kó ẹgbẹ́ Ìbàdàn lọ sí Sókótó, kó sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Níbí, òfin gbà á. Ó ti pẹ́ tí ìròyìn ti ń jà ràn-ìn pé wọ́n fẹ́ ta ẹgbẹ́ wa ti ìhà gúúsù ìlú, tàbí pé wọ́n fẹ́ kó o lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn tó ni ín kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí wọn. Èsì àkọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀dínwó. Ìkejì kò ní èsì.

A páàkì mọ́tò sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Tinley Park. Dọ́là méje ni owó ọkọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, o sì lè fi í lọ, kó o fi í bọ̀. Ọkọ̀ náà ní àjà méjì bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì gbéra ní ìṣẹ́jú gan-an tí wọ́n kọ sí ara ògiri. Èmi tí mo dàgbà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Ìwó, níbi tí a ti ń fi ọkọ̀ tí kì í dé ṣe ẹ̀fẹ̀, mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gba ìyẹn gbọ́. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò rí aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, kí Ẹ̀gbọ́n bá òun sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé bí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n fi pápá sílẹ̀ fún àwọn kí àwọn máa gbin àgbàdo síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe kọjá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí bóyá wọ́n ti fèsì ìwé mi. Mo ní rárá.

"Ìwé kì í dọ̀bálẹ̀, Làtí," ló wí.

Ìgbà yẹn ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá kan látinú ọ́fíìsì òkè máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bọ àwọn òǹwòran lọ́wọ́. Ó ní nílé, bí onílé bá fẹ́ ta ilé mọ́ àwọn ayálégbé lórí, ṣé àgbà kan kì í lọ bá wọn bẹ̀ ẹ́ ni? Òun ni àgbà ìlà ìjókòó yẹn. Òun á bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn yìí ò mọ ìdọ̀bálẹ̀."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n torí pé kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ fún wọn rí."

Mo rán an létí pé Lemọ́mù wa ti kìlọ̀ pé Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí orí kanlẹ̀, àyà nìkan ló máa kanlẹ̀. Mo sọ fún un pé ìbéèrè ló yẹ ká bi wọ́n, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n bi ìbéèrè tèmi bí òun bá bẹ ẹ̀bẹ̀ tòun tán. A sọ̀ kalẹ̀ ní Òpópónà Karùndínlógójì, a sì fẹsẹ̀ rìn dé pápá.

Dọ́là méjìdínlógún ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ra àgbàdo tí wọ́n rẹ́ sínú ike, tí wọ́n fi bọ́tà àti ata gbígbẹ yí, ní dọ́là mẹ́wàá. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò sí àgbọn níbẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì lè ṣe èènì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Màmá Karidá jókòó sí, ìyá Kúbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀sìn Lùkùmí ló ń ṣe, èyí tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ọ̀hún, ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù ti Yemọja sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Ẹ̀gbọ́n kì í pàdé kí wọ́n má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n á ní kó wá sí mọ́ṣáláṣí, òun náà á ní kí Ẹ̀gbọ́n gbé bàrà olómi kan wá fún Yemọja, bóyá ẹgbẹ́ á jẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kan. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní bí wọ́n bá kó ẹgbẹ́ lọ, òun ò mọ ẹni tí òun á tún máa bá jà.

Wọ́n ti dé ìpín kẹta nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pín eré náà sí nígbà tí ọ̀gá náà sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin onígíláàsì ojú kan tí ayàwòrán ń tẹ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà. Ó gbé aṣọ tó fi ń nu àga sílẹ̀ lórí ìjókòó kan. Ó sì na gbalaja sórí kọnkéré níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ má kó wọn lọ."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Mo rò pé kò tiẹ̀ mọ̀. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í dìde títí ẹni tí à ń bẹ̀ á fi ní kó dìde. Ẹ̀gbọ́n dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ tó ni ìbẹ̀rù wọn ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan pariwo sínú rédíò, àwọn méjì sì gbé àga onítáyà sáré wá. Mo sọ̀ kalẹ̀, síkọ́rítì dá mi dúró. Mo ṣàlàyé fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gba oyè yunifásítì méjì. Ó ní kí n padà síbi ìjókòó mi.

Màmá Karidá ni kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba abẹ́ apá síkọ́rítì kọjá. "Ara rẹ̀ yá," ló sọ fún wọn. "Ó ń foríbalẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, kẹ́ ẹ ní kó dìde." Kò sẹ́ni tó ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká Ẹ̀gbọ́n méjèèjì bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ẹ̀sìn wọn, Ẹ̀gbọ́n sì dìde lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá onígíláàsì ti lọ.

Wọ́n ṣì fi àga onítáyà gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú, wọ́n ní òfin ni. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ apòògùn sọ fún wọn pé ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tì lórí àga la àárín ọ̀pọ̀ èrò kọjá á ga. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwé jẹ́ ọmọlúàbí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi fọ́ọ̀mù hàn mí. Àpótí kékeré méjì péré tí wọ́n lè fàmì sí ló wà níbẹ̀: ó ṣubú, tàbí ó dákú. Mo ní kó kọ ọ́ pé ó kí ènìyàn. Ó ní kò sí àpótí fún ìyẹn. Ó fàmì sí "ó ṣubú". Ó ní Ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ títí ìwé dókítà á fi dé, títí àwọn ọ̀gá á sì fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí eré ọdún yìí parí. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wa bóyá ti ọdún tó ń bọ̀ á wà níbí.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà, Ẹ̀gbọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín kan, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ní ibùdókọ̀ kẹta, ó yíjú sí mi.

"Ọ̀gá yẹn, ṣé ó ní kí n dìde?"

Mo ní rárá, Màmá Karidá ni.

Ó tẹjú mọ́ fèrèsé. "Nígbà náà, mo ṣì wà nílẹ̀."

Mo gbé e délé, mo wakọ̀ padà sí Plainfield, oòrùn kò tíì wọ̀. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé èèyàn lè fi ọdún mọ́kàndínlógún fi ìjókòó han àwọn ẹlòmíràn, kó má sì ní ibi tó lè dúró sí béèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo ti kọ ìwé kẹta. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ní àṣẹ láti ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ni ẹgbẹ́ náà fi ẹnu ara yín sọ ọ́: ṣé ẹ ń tà á ni, àbí ẹ ò tà á? Àgbàlagbà kan wà nílẹ̀ níwájú yín láti ọjọ́ Àìkú yẹn. Èwo nínú yín ló máa sọ fún un pé kó dìde?