Ibi Tí Orin Halvar Ti Ń Fò

Kò sí ohun tí Halvar ti oko Hyttas kì í yínmú sí. Ó ń yínmú sí àwọn tó ń ta àkódíónì, ó ní ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń fà, wọn kò ta orin. Ó ń yínmú sí ẹni tó bá gbé ìwé síwájú kó tó ta gòjé. Ó ń yínmú sí àwọn ará ìlú ńlá tó ń rọ́ wọ Östanbäck ìlú rẹ̀ nígbà ooru pẹ̀lú ṣòkòtò ìbílẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí wọ́n á dúró sídìí ọkọ̀ wọn, tí wọ́n á máa fọwọ́ pa ẹ̀fọn lára. Pásítọ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé pásítọ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ẹni méjì péré ni Halvar gbà pé wọ́n mọ gòjé í ta láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó: Anders bàbá rẹ̀, tó ti kú, àti òun alára.

Ó sì mọ̀ ọ́n ta lóòótọ́. Èèyàn burúkú lè mọ iṣẹ́. Ilé ìlagi ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ ìyàwó. Obìnrin kan wù ú nígbà kan, ṣùgbọ́n ó ní obìnrin náà ń ti imú kọrin, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Asta ẹ̀gbọ́n rẹ̀, opó tó fi gbogbo ayé rẹ̀ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé bàbá wọn. Asta nìkan ló ń dá a lóhùn bó ṣe yẹ kí èèyàn máa dá irú rẹ̀ lóhùn.

Àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún orin ìlú náà kò sàn ju Halvar lọ, wọ́n kàn mọ ẹ̀rín ín rín ni. Gunvor ni olórí wọn, obìnrin tó fẹ́ràn ìpàdé ju orin lọ. Òun ló dá ohun tí wọ́n ń pè ní Orin Ìdáná sílẹ̀. Onílé kan á ṣí ilé ìdáná rẹ̀, ìwọ̀nba èèyàn á fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, orúnkún á máa kan orúnkún, olórin á jókòó sídìí tábìlì. Kó tó ta ohunkóhun, á sọ ọwọ́ ẹni tó ti gba orin náà, á sì sọ ọwọ́ ẹni tí onítọ̀hún náà ti gbà á. Dandan ni. Bí o bá ta orin láìdárúkọ ẹni tó fi lé ọ lọ́wọ́, ojú olè ni wọ́n á fi wò ọ́ títí o ó fi kú, o báà mọ̀ ọ́n ta jù wọ́n lọ. Àwọn èèyàn Gunvor á sì máa mi orí sí orúkọ àwọn òkú yẹn bí ẹni pé wọ́n ti bá wọn jẹun rí.

Orúkọ Halvar wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n ń mi orí sí. Bó ṣe débẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le dáadáa, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tuva ti ìlú ńlá wá, ó gbé gòjé kọ́ èjìká, ó ní òun fẹ́ kọ́ orin ijó Anders, èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́. Ó mú ìwé dání, ó mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Halvar wo bàtà rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀ tó kùn, ó yínmú. Kàkà kó lé e, ó ṣe ohun tó burú ju lílé lọ. Ó fi orin èké lé e lọ́wọ́. Ní apá kẹta orin Anders, ohùn máa ń wálẹ̀ sórí okùn gòjé tó nípọn jù, á dúró díẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, kó tó máa lọ sílé. Halvar mú ibẹ̀, ó yí i sókè, ó sì ń mú un fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lórí okùn tó tín-ín-rín jù, bí ewúrẹ́ tó tẹ iná. Tuva kọ́ ọ tọkàntọkàn. Nígbà tó lọ tán, Halvar sọ fún Asta, ó sì rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde. Ó ní kí ọmọ náà lọ ta á níbi àjọ̀dún, kí gbogbo olórin fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọn kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ní kó tún un ta. Ibi tí ewúrẹ́ ti ń fò yẹn gan-an ló wọ̀ wọ́n lára. Kò pẹ́ tó fi dé orí rédíò, wọ́n ń fi jó níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń kọ́ ọ níléèwé orin títí dé Norway, Orin Halvar sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ìgbà yẹn ló yẹ kí Halvar la ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi. Ó pa á dé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Bí àlejò bá dé tí wọ́n ní kó ta Orin Halvar, èyí tó ń fò yẹn ni yóò ta fún wọn, yóò sì máa fi ojú tó fi ń wo ìgbẹ́ ẹṣin wò wọ́n bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo ìwà rẹ̀, èyí ló rínilára jù. Ó ń jẹ oyè, ó sì ń kẹ́gàn àwọn tó fi í jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Dókítà ní kí yìnyín ọdún náà tó bo ilẹ̀, kò ní lè tẹ okùn gòjé mọ́. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Bí ìka yẹn bá ti lọ, orin bàbá rẹ̀ lọ nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹlòmíì láyé tó fi lé lọ́wọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó ń wá ibi tí ohùn ti ń wálẹ̀ yẹn kiri títí ó fi rí i.

“Kí lo ń họ látàárọ̀ bí eku?” Asta bi í nígbà tó jáde wá jẹ ẹja kíkan àti ọ̀dùnkún.

“Orin Bàbá.”

“Èwo níbẹ̀?”

“Tiẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ìjẹkújẹ tí Tuva ń gbé kiri.”

“Ìwọ lo kúkú sè é fún un. Jẹun, ọ̀dùnkún ẹ ń tutù.”

“Mo fẹ́ ta á fún wọn, kí ẹnì kan lè gbà á kó tó pẹ́ jù.”

“Fún àwọn wo? Ṣebí o ní òpè ni gbogbo wọn.”

Halvar dìde nídìí ọ̀dùnkún rẹ̀. Ó pe Gunvor lórí fóònù, ó ní kí wọ́n wá ṣe Orin Ìdáná ọdún náà nílé òun.

“Mo ti bẹ̀ yín tó, Halvar,” ni Gunvor wí. “Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ìdí aláìmọ̀kan kan àga ìyá yín.”

“Mi ò tíì yí i padà. Orí bẹ́ǹṣì ni kí wọ́n jókòó sí. Kí Tuva sì wá.”

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n dé. Ọkùnrin onífìlà kan ti di ojú mọ́rí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gòjé, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé orin máa ń wọ òun lára. Obìnrin kan ń fọwọ́ pa ògiri ìdáná, ó ń mí kanlẹ̀. Tuva jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Òun náà ti di olùkọ́ orin, ó sì kó mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú gòjé wọn. Asta ń bu kọfí kiri. Halvar wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pé irú àwọn wọ̀nyí ló kù tí òun máa fi nǹkan lé lọ́wọ́.

“Orin yìí,” ó ní, “ọwọ́ Anders bàbá mi ni mo ti gbà á. Bó ṣe ń ta á ni mo fẹ́ ta á.”

Ó ta á. Nígbà tó dé apá kẹta, ohùn wálẹ̀. Ìka rẹ̀ gan, okùn tó nípọn náà kérora lábẹ́ ọ̀pá tó fi ń ta á, ṣùgbọ́n ibi tí Anders máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí gan-an ló dé. Ọkùnrin onífìlà lajú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn. Nígbà tó parí, wọ́n pa irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ọmọdé tó gbàgbé àkọ́sórí rẹ̀ níwájú ìjọ.

Tuva fà sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Halvar. Apá kẹta ló kàn bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Òkè ló ń lọ níbẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Kò sóhun tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí orin yẹn ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni mo kọ́ ọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ fún ọ ni, kí wọ́n lè fi ọ́ ṣẹ̀sín.”

Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín. Gunvor nu ojú.

“Ẹ ò rí i bí Halvar ṣe máa ń ṣe,” ó sọ fún àwọn àlejò. “Ẹnu burúkú yìí la ṣe fẹ́ràn wọn.”

Tuva náà ń rẹ́rìn-ín, ó di apá rẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń di apá bàbá tó ti ń ṣarán mú. Gbogbo ayé ni Halvar ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu tó fi jẹ́ pé nígbà tó wá jẹ́wọ́, wọ́n rò pé òkò mìíràn ni. Ta ni kó bínú sí? Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Asta, sọ fún wọn. Inú ìdáná yìí lo jókòó sí nígbà tí Bàbá ń ta á. Ṣé òkè ló lọ ni, àbí ìsàlẹ̀?”

Asta gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tó ń purọ́, kì í ṣe fún àbúrò rẹ̀, kì í sì í ṣe fún àlejò. Ó dijú, ó ń wá ohùn Anders nínú ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún jáde lẹ́nu. Apá kínní, apá kejì. Nígbà tó dé apá kẹta, ohùn rẹ̀ gòkè, ó sì fò. Ó lajú.

“Mo mọ̀ pé o bà á jẹ́,” ó ní. “Ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ti Bàbá mọ́, Halvar. Èyí tó ń fò yìí ló wà níbẹ̀. Nígbàkigbà tí àlejò bá dé, òun náà lò ń ta sí mi létí.”

“Ẹ̀yin méjèèjì yìí mà pa èèyàn lẹ́rìn-ín,” ni Gunvor wí.

Halvar gbé gòjé padà sábẹ́ àgbọ̀n. Ó fẹ́ tún un ta fún Asta nìkan, kó lè padà wọlé sí i létí. Tuva rí bí ìka rẹ̀ ti gan, àánú ṣe é. Ó ṣẹ́jú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n gbé gòjé wọn, wọ́n sì bá a gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ kí arúgbó má baà dá kọsẹ̀. Ìdáná kún fún orin. Wọ́n dé apá kẹta. Wọ́n gòkè, Halvar nìkan ló wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Tuva tẹjú mọ́ ìka rẹ̀, ó ń fi ojú júwe òkè fún un, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ta apá kẹta. Nígbà tí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Halvar tún fẹ́ wálẹ̀. Ìka rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ. Ó ré kọjá sórí okùn tó tín-ín-rín jù, kò gan, ó sì ń fò bó ti ṣe ń fò láti ọjọ́ tí àwọn àlejò ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin onífìlà na ọwọ́ méjèèjì sókè. Nígbà tí orin parí, gbogbo wọn dìde dúró, omi sì ń bẹ lójú Gunvor.

Tuva gbé gòjé rẹ̀ sórí tábìlì, ó di ọwọ́ òsì Halvar mú.

“Ẹ ò rí i,” ó ní. “Ó ti padà sí yín lọ́wọ́.”

Halvar wo ọwọ́ náà, tí kò mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ mọ́. Ó ní kí Tuva ṣeun.