Ohun Tí Ọ̀gá Mi Fi Ikú Ọmọ Ọlọ́mọ Ṣe

Sọ́mìlì kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Ṣópẹ̀n. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, eruku igi á ti bo fèrèsé, á bo aṣọ tí a sá, á sì wọ inú omi tí ìyá mi gbé kalẹ̀ fún àlùwàlá. Gbogbo àdúgbò ló ń wúkọ́. Nígbà tí mo lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní Jàpàrá, tí n kò gbọ́ ikọ́ mọ́, mo bi í pé, “Ṣé àìsàn kì í ṣe yín níbí ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, òun náà ni mo sì fi ń jẹun títí dòní: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibi tí èèyàn ń gbé ló ń yan àìsàn fún un?

Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbi yìgì mi, òun ló jókòó sórí àga bàbá mi tó ti kú. Ó máa ń pè mí ní “ọmọ mi”. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tó so wá pọ̀ jù ni ti àwọn aboyún etí omi ní Ògùn Wọ́tásáìdì. Èmi ni mò ń lọ sí abúlé. Òun wà ní ọ́fíìsì, ó ń dúró de ohun tí mo bá kó bọ̀. Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja tà ló gbà mí sílé. Mo sùn lórí ẹní rẹ̀, mo jẹ púpúrú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ ká jáde ló bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ń rọbí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń wá ilé ìwòsàn lọ. Koríko ti dí ojú omi, ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Inú ọkọ̀ náà ló dákẹ́ sí, tòun toyún.

“Ó fẹ́ lọ,” ìyá náà wí. “Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká tètè gbé òun lọ. Tó o bá máa sọ ọ́, bó ṣe rí ni kó o sọ ọ́.”

“Bó ṣe rí ni màá sọ ọ́, màmá.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin tó kù: ẹ gbé ilé ìwòsàn sún mọ́ wa, ẹ bá wa la ojú omi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu omijé. Mo rí i.

Ọjọ́ tí a gbé àbọ̀ iṣẹ́ náà síwájú àwọn àlejò láti ìjọba, iwájú ni mo jókòó sí. Ọ̀gá mi dìde, ó ní àìmọ̀kan ló ń pa àwọn aboyún etí omi. Ó ní ọmọbìnrin kan wà tó jókòó sílé títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́, kí wọ́n tó sáré gbé e sínú ọkọ̀. Ó ní ìpolongo ni wọ́n nílò, kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Mo dìde. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò. “Ọmọ mi nìyẹn. Ó bá wọn gbé títí ó fi di ọ̀kan nínú wọn.” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. “Sà, ẹ̀yin náà lẹ sunkún nígbà tí mo sọ ọ́ fún yín.”

“Mo mọ̀.” Kò gbójú sókè. “Wọn ò ní kọ́ ilé ìwòsàn kankan. Ìpolongo ni wọ́n fẹ́ ṣe, èmi ni wọ́n sì ní kó darí ẹ̀. Tí mo bá sọ ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́, ẹlòmíì ni wọ́n máa pè.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi purọ́ mọ́ òkú?”

“Jókòó, ọmọ mi.”

N kò jókòó.

Kí n tó dé etí omi, rédíò ti gbé ohùn rẹ̀ débẹ̀ ṣáájú mi. Ìyá náà kò ní kí n wọlé. Ó jókòó ti ẹja tó ń yan, èéfín wà láàárín àwa méjèèjì.

“Wọ́n ní ọmọ mi jókòó sílé,” ó wí.

“Màmá, kì í ṣe èmi. Mo ta kò ó lójú gbogbo èèyàn.”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ẹ ló ti jáde, mo mọ ohùn ẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fi lé lọ́wọ́. Mi ò mọ ọkùnrin yẹn rí.”

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Mo yọ orúkọ mi kúrò nínú iṣẹ́ náà, mo sì kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ sọ́tọ̀. Mo bẹ ìyá náà pé kó jẹ́ kí n fi ti ọmọ rẹ̀ sí i bó ṣe rí. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n yéé gbé òkú ọmọ òun kiri. Mo tẹ ìwé náà jáde láìsí ìtàn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ kà á. Àwọn onípolongo lọ sí etí omi lóòótọ́, gbogbo wọn dé fìlà kan náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà. Ilé ìwòsàn ṣì jìnnà síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì. Tí a bá pàdé ní Ìlaporù, mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé. Tó bá pè mí ní ọmọ rẹ̀, n kì í dáhùn. Mo ṣì ń lọ sí etí omi. Ìyá náà ń béèrè ọkọ àti àwọn ọmọ mi, ó sì ń di ẹja fún mi gbé relé. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ lójú mi mọ́.