Láńrewájú Oníkíjìpá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkùnrin kì í hun kíjìpá, ẹ ní kó wá sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kó wá wo Láńrewájú. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Ìyá rẹ̀ àgbà, Àpìkẹ́, ni kò gbà kó di ẹni àjókòó lásán. Òfì àwọn ọkùnrin, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Níbo ni Láńrewájú ti fẹ́ rí ẹsẹ̀? Ṣùgbọ́n òfì tí àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá, ara ògiri ló ń dúró sí, ọwọ́ nìkan ló sì ń fẹ́. Àpìkẹ́ bá tẹ́ ẹní síwájú òfì tirẹ̀, ó gbé ọmọ lé e, ó ní, "Ẹsẹ̀ ni àrùn mú, kò mú ọwọ́. Ó yá, hun."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi òwe bú u: "Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ." Ẹ gbọ́ ná, ta ni ọ̀lẹ? Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ni òwe ń bá wí, nítorí kíjìpá nípọn, kì í tètè gbó, ọ̀lẹ lè máa gbé e wọ̀ títí láìra òmíràn. Ẹni tó ń hun ún kọ́! Láńrewájú ló ń ran òwú, òun ló ń gún elú, òun ló ń sẹ́ omi eérú, òun ló ń rẹ òwú sínú ìkòkò aró, tó ń sá a, tó tún ń rẹ ẹ́, títí yóò fi dú bó ṣe fẹ́. Bó bá fẹ́ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, obì ló ń gún. Gbogbo rẹ̀, lórí ìjókòó. Kí ọ̀lẹ wá dán an wò!

Àpìkẹ́ ti kú, ó fi òfì sílẹ̀ fún un. Láńrewájú ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí Mọ́rìnọ́lá dé, tíṣà tí ìjọba gbé wá láti Òṣogbo. Ó kọ́kọ́ wá ra aṣọ. Ó tún wá, kò ra nǹkan kan. Ó tún wá, ó gbé ẹ̀wà dání. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti fẹnu kò láti fẹ́ra, ó wá ku bàbá Mọ́rìnọ́lá.

Bàbá Ògúnrántí ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò Alekuwodo ní Òṣogbo, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Mọ́rìnọ́lá sọ fún un pé ẹsẹ̀ Láńrewájú kò ṣiṣẹ́, ó sì fi kún un pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni mo ń bá jà," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé òfì obìnrin ló ń jókòó tì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò fún un lọ́mọ. Màá lọ fojú ara mi rí i."

Nígbà tí Láńrewájú gbọ́ pé bàbá ń bọ̀, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mùíbì, tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà kejì, ló wá gbà á nímọ̀ràn. "Sọ pé fóònù lò ń tún ṣe. Ṣé ó fẹ́ wo inú rẹ ni?" Mùíbì gbé tábìlì kékeré wá, ó to àwọn fóònù tó ti kú sórí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì da aṣọ bo òfì. Ó ṣe Láńrewájú bíi pé ojú Àpìkẹ́ ni wọ́n ń bò. Ìfẹ́ Mọ́rìnọ́lá ti gbé e dé ibi tí irọ́ wà.

Bàbá dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Wọ́n kíra, ó jókòó, kò tilẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún un.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Fóònù ni mò ń tún ṣe, sà."

Ẹnu ya Mọ́rìnọ́lá. Ọwọ́ Láńrewájú ni bàbá ń wò. Ọwọ́ náà dú láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, èékánná rẹ̀ kò sì rí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ.

"Àrẹ̀dú o!" ni bàbá kí i, bí wọ́n ṣe ń kí aláró. "Fóònù ta ni ò ń pa láró?"

Háà! Ojú ti Láńrewájú débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí òfì, ó fa aṣọ tó bò ó kúrò.

"Bàbá, ẹ má bínú, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má baà pàdánù ọmọ yín. Òfì obìnrin nìyí. Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi, iṣẹ́ yìí ló sì sọ mí dèèyàn. Mi ò ní bò ó mọ́. Bí ẹ bá ní ẹ ò fún mi lọ́mọ, màá sunkún, ṣùgbọ́n ìdí òfì yìí náà ni màá ti sun ún."

Bàbá nawọ́ sí òfì, ó ní, "Hun ún kí n rí i."

Láńrewájú bẹ̀rẹ̀. Ó ń ti òwú bọ̀ ọ́, ó ń fi pátákó apasà gbá a mọ́lẹ̀, gbì, gbì, gbì. Kò pẹ́ tí aṣọ tó ti hun dé òkè tẹ́lẹ̀ fi ga kọjá ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó sílẹ̀ lè dé. Ó di dandan kó fi okùn dẹ ọ̀pá òkè tí òwú rọ̀ mọ́, kó fa aṣọ náà wálẹ̀. Àwọn obìnrin a máa dìde dúró fà á, Láńrewájú ńkọ́? Ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó. Aṣọ kò fẹ́ẹ́ mira.

Mọ́rìnọ́lá dìde láti ràn án lọ́wọ́. Bàbá ní, "Dúró." Ó ṣí fìlà, ó ká ọwọ́ bùbá, ó na ọwọ́ dé ọ̀pá òkè.

"O ò dẹ ẹ́ tó. Jẹ́ kí n dẹ ẹ́ sí i. Ó yá, fà á!"

Àwọn méjèèjì fà á, aṣọ sì yọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá mi, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?" ni Mọ́rìnọ́lá bi í.

"Kíjìpá ni ìyá mi ń hun, kò sì ní ọmọbìnrin," ni bàbá wí. "Èmi ló máa ń pè wá fà á. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi sá kúrò nídìí rẹ̀, ó wá ku òun nìkan." Ó kọjú sí Láńrewájú. "Ta ló ń bá ọ fà á?"

"Èmi nìkan ni, sà. Nígbà mìíràn, ó ń gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀."

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mọ́rìnọ́lá, wá síbí. Di ọ̀pá yìí mú, kí n fi bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹ́ hàn ọ́. Èmi kọ́ ni màá máa ti Òṣogbo wá bá ọkọ rẹ fa aṣọ."