Epo Tó Pa Búréèkì Lẹ́nu Mọ́

Kì í ṣe pé ó ń ta epo ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Elépo. Máṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sórí àga kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Tí máṣíìnì bá ń han, á yọ ìgò epo kékeré ẹlẹ́nu gígùn jáde nínú àpò àyà rẹ̀, á kán an lẹ́ẹ̀mejì, ariwo á sì dákẹ́. Ó ti fún ilẹ̀kùn ilé lépo, ó ti fún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lépo. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé òun kì í hanrun, wọn ì bá ti bá epo lọ́fun òun.

Jíjókòó yẹn náà ló fa ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ikùn rẹ̀ ti di ẹni tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Dókítà ní kó wá nǹkan fi gbọn ara. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, tó sì fẹ́ràn kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, bá a wá kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, ó ní, "Bàbá, láti Sátidé yìí lọ, ọmọ kíláàsì mi lẹ jẹ́." Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń pè é ní Tíṣà.

Tíṣà ò gba gbẹ̀rẹ́. Àṣíborí gbọ́dọ̀ wà lórí, kí okùn rẹ̀ sì le lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀wù yẹ́lò, kí àwọn awakọ̀ lè rí wọn lókèèrè. Omi, kí òùngbẹ tó gbẹ èèyàn. "Tí ẹ ò bá ti lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ ti sáré jù nìyẹn." Lóṣù àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu bàbá. Ṣùgbọ́n èyí tí Tíṣà mú le jù ni búréèkì: kí wọ́n tó gbéra, kálukú á fa tiwájú, á fa tẹ̀yìn, á ti kẹ̀kẹ́ síwájú wò bóyá ó mú. Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló kù kí òun àti ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Oṣù mẹ́jọ ló fi múra ìrìn náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá Elépo dúró ti kẹ̀kẹ́ méjèèjì ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun kan ti ń dà á láàmú: tí wọ́n bá fa búréèkì, á han fíìn. Etí rẹ̀ ò gbà á. Ó yọ ìgò, ó kán epo sára rọ́bà búréèkì, ó kán an sára irin tí rọ́bà náà máa ń fún mọ́. Ó ṣe tirẹ̀, ó ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ó yí táyà, ó fa búréèkì, ó dẹtí sílẹ̀. Kò sí ariwo. Kò wo bóyá táyà náà dúró, torí ariwo ló ń wá. Inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ Tíṣà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń yin ọmọ.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n pẹ́, nítorí Bàbá Elépo ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ káàkiri, ìbọ̀wọ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yẹ búréèkì wò," Tíṣà wí.

"Mo ti bójú tó o lánàá, tèmi tìrẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tún irin ṣe, Tíṣà."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí irin? Wọ́n gbéra.

Ojú títì tẹ́jú lọ rẹrẹ, wọn ò fọwọ́ kan búréèkì títí wọ́n fi gun òkè. Tíṣà ló kọ́kọ́ dórí rẹ̀. "Ẹ rọra máa bọ̀ o, màá dúró dè yín nísàlẹ̀," ló wí, ó sì ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà.

Bàbá Elépo dé orí òkè, ó fa búréèkì kó lè mí díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń lọ bí ẹni pé kò gbọ́. Ó fi bàtà méjèèjì wọ́ ilẹ̀ títí ó fi kó sínú igbó etí títì. Ó bojú wo táyà: irin náà ń dán gbinrin fún epo. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun ò ṣe tòun nìkan.

Ó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, atẹ́gùn gbé e lọ. Ẹ̀wù yẹ́lò ń kéré sí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rí i tí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà le gan-an, ó mọ̀ pé ó ń fa búréèkì. Nísàlẹ̀ pátápátá ni oríta wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá. Ọwọ́ tó ń tún gbogbo nǹkan ṣe wà lára rẹ̀, kò sí ibi tó lè nà án dé. Lẹ́yìn náà, Tíṣà yà kúrò lójú títì, ó wọ inú koríko, ó sì pòórá.

Bàbá Elépo sáré sọ̀kalẹ̀, tòun ti ikùn.

Àṣíborí Tíṣà ti là sí méjì, nǹkan kan ò sì ṣe orí rẹ̀. Eegun ọwọ́ òsì ló ṣẹ́.

Nílé ìwòsàn, Bàbá Elépo bi nọ́ọ̀sì léèrè, "Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ jókòó náà ni."

Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ náà tán, Tíṣà ní, "Búréèkì mi ò mú, Bàbá. Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi náà ò mú." Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ń han. Mo bá fún wọn lépo díẹ̀."

"Búréèkì?"

"Ó sáà dákẹ́."

Ẹ̀rín pa Tíṣà, ọwọ́ dùn ún, ó sì dá ẹ̀rín náà dúró. Ó yíjú sí ògiri. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù o, Bàbá."

Nígbà tó yá, oorun gbé ọmọ náà lọ. Bàbá mira lórí àga, àga náà han. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé àpò àyà kó tó rántí. Ó gbé ọwọ́ náà padà sórí orúnkún, ó jókòó gbagidi, kò jẹ́ kí ara rẹ̀ mì rárá, kí àga má baà tún han, títí ìyá ọmọ fi dé.