Eyín Bàbá Mi Lára Bátìrì

Èmi kì í ṣe onísùúrù, bàbá mi sì mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀ lábẹ́ igi kajú lẹ́yìn ilé wa ní Tchaourou, bàbá jókòó tì mí, rédíò wọn wà lórí itan. Ìtàn ilé wa ni wọ́n ń sọ tí mò ń tẹ̀ fún ìwé kan. A ti tẹ bí àwọn baba wọn ṣe kúrò ní Ṣábẹ̀ àti bí rélùwéè ṣe bá wọn níbí. Ìtàn ìyá wọn nìkan ló kù, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fẹ́ padà sí Kútọnu.

Bọ́tìnnì ara kọ̀ǹpútà náà ti kú látìgbà tí ọmọ mi ti da kókó mímu sí i, nítorí náà àtẹ ìtẹ̀wé tí kò ní wáyà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Àtẹ yìí ló kọ̀ jálẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo pa á, mo tàn án. Mo yọ ohun kékeré tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, mo tì í bọ ihò mìíràn. Mo pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, mo tún un tàn. Mo gbá àtẹ náà nídìí bí ọmọ aláìgbọràn. Pàbó ni.

"Ṣé ọ̀dínátọ̀ ti gbọ́, Ìyá mi?" Ìyá wọn ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní òun ni mo jọ; kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní ọ̀dínátọ̀.

"Kò gbọ́, Bàbá."

"Bọ̀n, ó dáa. Jẹ́ kó sinmi."

Wọ́n tún yí ohùn rédíò sókè. Látìgbà ìjọba tiwa-n-tiwa tí wọ́n ń pè ní Renouveau, tí olúkúlùkù ti ń sọ tinú rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, rédíò yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi wà nílé ni rédíò náà fi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láàárọ̀ yẹn, ó ń pariwo débi pé ewúrẹ́ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde lọ. Mo fẹ́ ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi.

Mo ṣí ìdí àtẹ ìtẹ̀wé. Bátìrì tuntun mi kò sí níbẹ̀. Àwọn ògbólógbòó kan ló wà níbẹ̀, gbogbo ara wọn jẹ́ ojú eyín. Lọ́dọ̀ wa, tí bátìrì bá rẹ̀, a máa sá a sóòrùn, a óò sì gé e jẹ kó lè mú agbára tó kù wá. Gbogbo ìlú ló ń gé e jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni eyín iwájú ti ká nílé wa, àlàfo rẹ̀ sì hàn gbangba lára bátìrì.

"Bàbá!"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo igi kajú.

"Bátìrì mi ló wà nínú rédíò yín."

"Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì."

"Ọwọ́ tó ṣí ìdérí méjèèjì, tó tún dé wọn padà?"

Inú fẹ́ bí mi, ẹ̀rín ló jáde. Mo na ọwọ́ kí wọ́n gbé rédíò wá. Wọn kò gbé e. Wọ́n pa á, wọ́n gbá a mọ́ àyà.

"Ìtàn ìyá mi nìkan ló kù," ni wọ́n wí. "Bó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí lo tún máa wá ṣe ní Tchaourou?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo ní kí wọ́n tan rédíò wọn padà.

Ìtàn ìyá wọn kò tíì sí nínú ìwé náà dòní. Oṣooṣù ni mò ń ra bátìrì tuntun lọ bá wọn ní Tchaourou, tí mo sì ń gbọ́ díẹ̀ nínú ìtàn náà.